Ìbọn Lórí Àjà Púpurú

Òjò ló lé Káyọ̀dé wọ inú abà púpurú lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó sáré wọlé, aṣọ kakí lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ibi gbígbẹ kan tí yóò gbé ìbọn ọwọ́ rẹ̀ lé. Ni ọmọkùnrin náà bá nawọ́ sókè, ó gbé ìbọn ìjọba lé orí àjà, láàárín àwọn púpurú tó ń yáná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún omi ẹ̀wù rẹ̀ bí ẹni tó gbé agboorùn kọ́.

Àwọn obìnrin ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú abà náà.

Ọlọ́runnísọ̀lá ń kọrin lọ́wọ́ kí Káyọ̀dé tó wọlé. Obìnrin yìí kì í ti ọwọ́ bọ ẹ̀gẹ́ kó má kọrin. Bí ó bá ń rẹ ẹ̀gẹ́ sómi, orin. Bí ó bá ń fún un, orin. Bí ó bá ń mọ ọ́n róbótó róbótó tó ń tò ó sórí àjà kí iná gbẹ ẹ́, orin náà ni:

Ẹ̀gẹ́ mi, yáná kí o gbẹ,
Yáná kí inú rẹ funfun,
Ẹni ebi ń pa ń bọ̀ lọ́nà,
Yáná, yáná kí o gbẹ.

Orin náà dá mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gbójú sókè, ó rí ìdí ìbọn nínú èéfín, ó fi ojú tẹ̀lé e lọ síbi ẹnu rẹ̀, ó rí i pé iwájú orí Àsíátù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni ó dojú kọ gan-an.

"Yéè!" Àsíátù fi abọ́ bojú. "Ẹ gbà mí o! Owó orí wo ni mi ò san? Ẹ sọ fún ìjọba pé mo ti san án!"

"Káyọ̀dé," Ọlọ́runnísọ̀lá wí. Kò pariwo. Ohùn jẹ́jẹ́ ni ó fi sọ ọ́, irú èyí tí ènìyàn fi ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà tí ejò bá wà lẹ́yìn rẹ̀. "Gbé nǹkan yẹn kúrò lórí iná mi."

"Ẹ má bínú, Màmá. Mi ò fẹ́ kó dípẹtà ni."

"Mo ní kí o gbé e kúrò!"

Ó gbé e kúrò. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nínú ẹrẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi ẹsẹ̀ kó wọlé, ó bẹ̀bẹ̀, ó dìde, ó sì tún padà sínú òjò, ó di ìdí ọ̀pá ọparun tí wọ́n fi dábùú ọ̀nà.

Inúmidùn, ọmọbìnrin Ọlọ́runnísọ̀lá, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. "Màmá, ẹ ò rí bí òjò ṣe ń pa á?"

"Òjò pa mí rí," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Mo gbẹ. Bọ́ síbí kí o wá ha púpurú."

Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ohun kan ti há sí i láyà, kò gbé e mì, kò sì tu ú. Ọdẹ ni ọkọ rẹ̀ kí ó tó kú. Ọdẹ tó bá mọ ohun tó ń ṣe ní Òdìgbó kì í gbé ìbọn tó ní ọta nínú kọjá ẹnu ọ̀nà wọ ilé. Ìta ni yóò ti tú u, yóò kó ọta fún ìyàwó rẹ̀ kí ó gbé e sínú ìkòkò, kó tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Bí ó ti wù kí ebi pa á tó, bí ó ti wù kí ẹran tó pa tóbi tó, ẹnu ọ̀nà ni. Ẹni tí yóò wá gbé ìbọn lé orí iná, yálà wọn kò kọ́ ọ nílé ni, tàbí ó mọ ohun kan nípa ìbọn náà tí ẹlòmíràn kò mọ̀. Èwo ni?

Ọ̀rọ̀ náà kan Ọlọ́runnísọ̀lá ju bí ó ti kan ará ọ̀nà lọ. Káyọ̀dé yìí, Olúwakáyọ̀dé, ọmọ Èkìtì tí ìjọba gbé wá sí ìhà Òrè láti máa ṣọ́ igbó, òun ló ní òun fẹ́ fẹ́ Inúmidùn. Inúmidùn sì ti ní òun gbà. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà ń retí kí ìyá sọ ọjọ́ tí wọn yóò wá mọ̀ wọ́n nílé. Ìyá kò tíì sọ ọjọ́ kankan. Inúmidùn nìkan ló bí tó kù láyé.

Kí ìbọn yìí tó dé, kò kórìíra ọmọkùnrin náà. Òòlù ni ó ń gbé nígbà náà, òòlù irin tí wọ́n fi ń lu àmì ìjọba sí ìdí gẹdú, òun pẹ̀lú fèrè kan lọ́rùn. Bí ọkọ̀ agbégẹdú bá dé ìdí ọ̀pá ọparun, yóò wo ìdí igi. Bí ó bá rí àmì, yóò gbé ọ̀pá sókè. Bí kò bá rí i, yóò fọn fèrè, àwọn awakọ̀ yóò bú u, òun náà yóò máa rẹ́rìn-ín, igi kò ní kọjá. Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, yóò wá jókòó sí abà wọn, yóò jẹ púpurú àti ọbẹ̀ ilá, yóò sì máa gbe orin Ọlọ́runnísọ̀lá pẹ̀lú ohùn búburú kan báyìí tó máa ń pa Àsíátù lẹ́rìn-ín.

Ọdún kejì tí àwọn ṣọ́jà tún gba ìjọba ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Ọdún tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀ owó. Ọṣẹ di ohun tí ènìyàn ń tò fún. Mílíìkì di ìtàn. Àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní ìlú ńlá padà wálé, wọn kò rí nǹkan ṣe, wọ́n wọ inú igbó ìjọba, wọ́n ń gé igi. Wọ́n ní àwọn agégẹdú ti ṣá gáàdì kan ládàá ní ọ̀nà Àgbàbú. Ni rédíò bá wí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan pé láti ìsinsìnyí lọ, àwọn tó ń ṣọ́ igbó yóò máa gbé ìbọn lẹ́nu iṣẹ́.

"Ìbọn kẹ̀?" Àsíátù ní. "Kí wọ́n máa yìn ín fún igi? Igi náà fẹ́ẹ́ sá lọ ni?"

Inúmidùn ní, "Nítorí àwọn olè ni, Àǹtí Àsíátù. Olè ní àdá. Ṣé òòlù ni kó fi bá wọn jà?"

"Ṣé orí olè nìkan ni yóò dúró sí? Lọ́la, wọlé-wọlé yóò gba tirẹ̀, yóò wá yẹ àmù rẹ wò tòun ti ìbọn. Lọ́túnla, ẹni tó ń díwọ̀n kòkó náà yóò gba tirẹ̀. Mo fẹ́ rí ẹni tí yóò sọ fún un pé kòkó òun gbẹ nígbà tó bá ní kò gbẹ!"

Ọlọ́runnísọ̀lá ò bá wọn jiyàn. Ó kọrin ni:

Òòlù ló ń gbé tẹ́lẹ̀,
Òòlù ló ń gbé.
Wọ́n wá gbé irin ẹlẹ́nu fún un,
Kí ló fẹ́ bá igi sọ?

Orin náà dùn, àwọn tó ń gbé ẹ̀gẹ́ wá láti Aráròmí-Obù gbè é lọ. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ orin, ó ń ṣọ́ ọmọkùnrin náà. Ó ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò wàrà. Nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn ń lọ nílẹ̀. Wọ́n ní àwọn adigunjalè márosẹ̀ Òrè, wọn kì í ra ìbọn mọ́, ńṣe ni wọ́n ń yá a. Lọ́wọ́ ta? Ẹni tó sọ ọ́ kò dárúkọ, yóò kàn ṣẹ́jú. Wọ́n ní àwọn kan tó wọ kakí lójú ọ̀sán ni. Ta ló rí wọn? Kò sí ẹni tó rí wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn mọ ẹni tó mọ ẹni tó rí wọn.

Ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ọ̀sán gangan ni. Káyọ̀dé ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ kan fọn fèrè ní ìdí ọ̀pá. Ó sáré jáde láti lọ wo igi, ó fi ìbọn sílẹ̀ lẹ́bàá òpó, ó bọ́ ìgbànú ọta sílẹ̀ lé e, ó ní, "Inú, bá mi fojú sí i."

Ó tún ya Ọlọ́runnísọ̀lá lẹ́nu. Ìbọn ìjọba, ọmọbìnrin ni kó bá a ṣọ́ ọ?

"Lọ bá mi pọn omi wá," ó wí fún Inúmidùn.

"Màmá, omi kún inú àmù."

"Lọ pọn òmíràn!"

Nígbà tí Inúmidùn lọ tán, ó nu ọwọ́ sí ìdí aṣọ. Irú ìbọn tí wọ́n ń ṣẹ́ láti ẹ̀yìn ni, irú èyí tí ọkọ rẹ̀ rà ní ọdún tí kòkó ta. Ó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn ìbọn ṣí, ó fi ojú kan sí ihò rẹ̀. Kò sí ọta tó dí i, ó rí ìta gbangba. Ó rí ewé kòkó lódìkejì, ó rí adìẹ Àsíátù tó ń kọjá lọ.

"Kí lẹ ń wò níbẹ̀?" Àsíátù bi í.

"Adìẹ rẹ."

Ó gbé ìgbànú. Ó ní àpò aláwọ kékeré kan lára, ó wú kẹ̀ǹkẹ̀, bí Káyọ̀dé bá ń rìn a máa dún ṣẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀, gbogbo ènìyàn ti mọ ìró rẹ̀. Ó tú okùn rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ohun tó bá ọwọ́ rẹ̀ jáde kì í ṣe ọta. Èkùrọ́ ni. Èkùrọ́ tí wọ́n pa nínú ẹyìn tiwọn, lẹ́yìn abà níbẹ̀!

Àsíátù fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ti fẹ́ẹ́ pa á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò wá sẹ́nu Ọlọ́runnísọ̀lá. Ohun tó wá síbẹ̀ ni ìbéèrè. Ìjọba gbé ìbọn fún un, ṣé ìjọba kò ní fún un ní ọta ni? Bí ó bá fún un, níbo ni ọta wà? Ta ló ń fi ọta náà ṣiṣẹ́ ní márosẹ̀?

Káyọ̀dé padà dé, ó bá a tó di èkùrọ́ mú ní àtẹ́lẹwọ́.

"Ta lo ta ọta fún?" Ọlọ́runnísọ̀lá bi í.

Ọmọkùnrin náà wo èkùrọ́, ó wo ojú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ wọ́ọ́.

"Màmá, mi ò tà á. Wọn ò fún wa."

"Irọ́."

"Ọlọ́run ń gbọ́. Ìbọn nìkan ni ọ̀gá wa gbé fún wa. Ó ní kò sí owó ọta nílùú, ó ní kí á ṣe sùúrù, ọta ń bọ̀. Ó ní kí a wá nǹkan ki inú àpò kí ó lè dún, ṣé ìró rẹ̀ ni olè yóò gbọ́. Ó sì ní ẹni tó bá tú àṣírí náà, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn." Ó gbójú sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Bí àwọn agégẹdú bá gbọ́ ọ, wọn yóò pa mí."

Ọlọ́runnísọ̀lá kó èkùrọ́ padà sínú àpò. Kò sọ pé òun gbà á gbọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n olè náà a máa ní ojú àánú. Ó wo Àsíátù. "Àsíátù, o ò rí nǹkan kan lónìí."

"Adìẹ nìkan ni mo rí," Àsíátù dáhùn.

Ọ̀gá wọn, Pius, a máa kọjá níbẹ̀ lórí alùpùpù láti Òrè. Nígbà tó tún dé, tó jókòó sídìí oúnjẹ, Ọlọ́runnísọ̀lá bu ẹran kún ọbẹ̀ rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn ti òpó.

"Ọ̀gá, ẹ̀rù ń bà mí o. Bí àwọn olè wọ̀nyí bá dé, ṣé ọta àwọn ọmọ yín tó?"

Pius rẹ́rìn-ín, ó nu ẹnu. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọta wọn pọ̀ ju púpurú yín lọ."

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi lé wọn lọ́wọ́?"

"Ọwọ́ mi yìí ni!"

Ó nawọ́ ọ̀hún, ọwọ́ tó kún fún ọbẹ̀. Ọlọ́runnísọ̀lá kí i kú iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́, àwọn méjèèjì sì ń jẹun lábẹ́ òrùlé òun. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀gá ni, ọmọkùnrin yìí yóò kú lọ́jọ́ kan pẹ̀lú èkùrọ́ lábẹ́ ìgbànú, Inúmidùn yóò di opó. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọkùnrin yìí ni, Inúmidùn yóò di ìyàwó adigunjalè. Níbo ni ìyá yóò ti mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ nínú méjèèjì?

Ó sọ fún Inúmidùn ní ìrọ̀lẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má wá sí ilé òun.

"Kí ló ṣe yín, Màmá?" Inúmidùn da púpurú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé ẹ rí i tó jalè ni?"

"Mi ò rí i tí kò jalè."

"Bí ẹ bá ń wo gbogbo ènìyàn báyìí, ta ni yóò fẹ́ mi?"

"Ẹni tí mo bá mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀."

Inúmidùn padà sídìí ẹ̀gẹ́. Wọ́n ń mọ púpurú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí orin. Àsíátù ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti wà níbẹ̀, ó ní àfi bí ìgbà tí rédíò bá kú.

Báyìí ni Benson ṣe dé.

Gbogbo ọ̀nà Òrè ló mọ Benson. Ọkọ̀ agbégẹdú ńlá kan ni tirẹ̀, orí rẹ̀ pupa, bí ó bá ń bọ̀ ilẹ̀ a máa gbọ̀n. Ọ̀sán ni, oòrùn ń ràn. Gẹdú ràbàtà mẹ́ta ni ó dì sẹ́yìn, oje igi ṣì ń kán sílẹ̀. Káyọ̀dé yí lọ sẹ́yìn ọkọ̀, ó wo ìdí igi kìíní, ó wo ìkejì, ó wo ìkẹta. Kò sí àmì òòlù kankan. Ó padà wá síwájú, ó dúró lẹ́yìn ọ̀pá ọparun, ó ní, "Ọ̀gá, igi yìí kò lè kọjá."

Benson sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀lé e, kálukú pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Ọlọ́runnísọ̀lá àti Àsíátù ti wà lẹ́nu ọ̀nà abà, Inúmidùn wà lẹ́yìn wọn, ó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú.

"Kò lè kọjá?" Benson ní. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwọ tàbí ìbọn tó o gbé dání?"

"Ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìjọba dà? Mo rí ìwọ." Ó súnmọ́ ọn. "Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nípa yín. Wọ́n ní irin lásán lẹ gbé kọ́ èjìká. Ṣé òótọ́ ni? Ó dáa, yìn ín. Yìn ín kan sókè kí etí mi gbọ́, màá yí ọkọ̀ mi padà."

Ọwọ́ Káyọ̀dé lọ sí àpò aláwọ. Ó dún ṣẹ̀kẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Láti ibi tí Ọlọ́runnísọ̀lá wà, ó rí òógùn tó ń ṣàn láti etí ọmọkùnrin náà dé ọrùn, ó rí ìka rẹ̀ lórí okùn àpò, kò sì tú u. Nígbà náà ni ohun gbogbo yé e. Ẹni tó ń bá olè ṣe, ńṣe ni ì bá gbé ọ̀pá sókè, kò sí ọ̀gá nítòsí tí yóò rí i. Ẹni tó ta ọta, ì bá ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún orí ara rẹ̀. Ọmọ yìí kò ní nǹkan kan. Èkùrọ́ nìkan ni ó ní, kò sì kúrò níbẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i?" Benson yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi gbé ọ̀pá yẹn kúrò. Bí òun náà bá wà níbẹ̀, ẹ gbé e mọ́ ọn."

Ọlọ́runnísọ̀lá kò mọ ìgbà tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó sáré wọ àárín ọ̀nà, gèlè jábọ́, ó gbé orúnkún méjèèjì lélẹ̀ gbì níwájú Káyọ̀dé, ó sì fi igbe ta.

"Káyọ̀dé, má yìn ín o! Mo bẹ̀ ọ́, má yìn ín! Ti àná ti tó! Ẹ̀jẹ̀ ti àná kò tíì gbẹ!"

Benson dúró. "Ti àná wo?"

Àsíátù náà kò jẹ́ kí ó tutù. Ó ká ọwọ́ lérí, ó sáré tẹ̀lé e. "Yéè! Ó tún fẹ́ẹ́ ṣe é! Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò ní ìyá nílé ni? Ẹ sá! Tí ojú rẹ̀ bá ti rí báyìí, kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀!"

Ọlọ́runnísọ̀lá sì sọ ọ́ di orin, ó ń pàtẹ́wọ́, ó ń sunkún, bẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn sí i díẹ̀díẹ̀ bó ti ń kọ ọ́:

Má yìn ín o, ọmọ Èkìtì,
Má yìn ín.
Àwọn wọ̀nyí ní ìyá tó bí wọn,
Má yìn ín.
Ibi tí o sin ti àná sí ti kún,
Má yìn ín o.

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn Benson wo ara wọn. Èyí tó gùn jù nínú wọn ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Bí Káyọ̀dé bá lè dúró bẹ́ẹ̀, kó lé ojú, kó di ìbọn mú, ó ti parí.

Ṣùgbọ́n Káyọ̀dé kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ nílé ni. Ìyá àgbà, ìyá Inúmidùn, ẹni tí òun fẹ́ẹ́ pè ní àna, ló wà lórí orúnkún níwájú òun lójú títì. Kò sí ọmọ tí ìyá bí tí ara rẹ̀ yóò gba èyí. Ọlọ́runnísọ̀lá rí i tó ń tẹ̀ba, ó sọ ọ́ láti inú eyín, "Dúró! Má dọ̀bálẹ̀ o, a ti kú!" Etí ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ, ara rẹ̀ kò gbọ́. Kó tó di pé ó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, àyà nílẹ̀, ìbọn níwájú, ẹnu ìbọn yọ lábẹ́ ọ̀pá ọparun, ó dojú kọ ẹsẹ̀ Benson.

Gbogbo ọmọ tó dàgbà láyé àwọn ṣọ́jà ló ti rí bí ṣọ́jà ṣe ń dùbúlẹ̀ kó tó yìnbọn.

"Ó ti sùn sílẹ̀!" èyí tó gùn nínú wọn ké. "Ó fẹ́ẹ́ tú u lé wa lórí!"

Àdá fò sínú igbó. Àwọn ọmọ náà fò tẹ̀lé e. Benson wo ẹnu ìbọn náà lẹ́ẹ̀kan, ó gbàgbé pé òun ló ní kí wọ́n yìn ín, ó yíjú, ó sá wọ inú oko kòkó pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ó fi èkejì sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń dún.

"Ẹ dákun, ẹ dìde, Màmá," Káyọ̀dé ń sọ láti ilẹ̀, kò tíì gbójú sókè, kò mọ̀ pé wọ́n ti lọ. "Ẹ dákun, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi."

Àsíátù ti jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Pius dé lórí alùpùpù nígbà tí ìròyìn kàn án. Ó yí ọkọ̀ náà ká, ó fọwọ́ gbá gẹdú, inú rẹ̀ dùn. "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí ohun tí ìbọn ń ṣe? Màá jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lókè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún fún wa sí i!"

"Ọ̀gá," Ọlọ́runnísọ̀lá ní, "ẹ bá mi ṣí ẹ̀yìn ìbọn yẹn kí n rí ọta tó lé wọn."

Pius wúkọ́. Ó ní ọta wà nínú àpótí ní ọ́fíìsì. Ó ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ sí Àkúrẹ́. Ó ní ọ̀ràn àwọn obìnrin kọ́ nìyí. Kò wo ojú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́, ojú bàtà Benson ló ń wò. Bóyá àpótí wà, bóyá kò sí. Bóyá nǹkan wà nínú rẹ̀ rí, tó ti gba ibòmíràn lọ. Ọlọ́runnísọ̀lá kò mọ̀ ọ́n, kò sì tíì mọ̀ ọ́n di òní, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò bu ẹran kún ọbẹ̀ ọkùnrin yìí mọ́.

Káyọ̀dé gbé ìbọn fún ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀ níwájú gbogbo wọn.

"Ọ̀gá, ẹ gbà á. Òòlù mi ni kí ẹ fún mi."

"Orí rẹ dàrú ni? Pẹ̀lú òòlù, wọn yóò pa ọ́."

"Pẹ̀lú èyí náà, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pa mí. Ẹni tó bá rí mi pẹ̀lú òòlù mọ ohun tí mo lè ṣe àti ohun tí mi ò lè ṣe. Bí igi bá ju agbára mi lọ, màá fọn fèrè."

Pius bínú, ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó lọ. Ó ní òun yóò gbé ọmọkùnrin náà kúrò níbẹ̀ lọ sí ibi tí kò ti ní rí púpurú jẹ. Kò tíì gbé e lọ títí kòkó fi tán lóko.

Ìgbà yẹn ni Ọlọ́runnísọ̀lá dá ọjọ́. Àwọn ẹbí wá láti Èkìtì pẹ̀lú iṣu tó gùn bí apá. Káyọ̀dé wọ agbádá tó tóbi jù ú lọ, ó bọ́ síwájú, ó ká aṣọ, ó fẹ́ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àna.

"Dúró," Ọlọ́runnísọ̀lá ní.

Inúmidùn fọwọ́ di àyà mú, ó rò pé ìyá òun ti tún yí ohùn padà.

"Kí ló wà nínú àpò rẹ?"

"Màmá!" Inúmidùn kígbe.

"Mo ní kí ló wà níbẹ̀? Mo sọ pé ẹni tí mo bá mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ̀ ni yóò fẹ́ ọmọ mi. Jẹ́ kí n rí i."

Káyọ̀dé ti ọwọ́ bọ àpò agbádá, ojú tì í. Ó yọ ọwọ́ jáde. Èkùrọ́ ni, ẹ̀kúnwọ́ kan. Ó ní òun kò mọ ìdí tí òun fi ń kó o kiri, ó ní bí òun kò bá gbọ́ ìró rẹ̀ bí òun ti ń rìn, ó máa ń dà bí ẹni pé òun gbàgbé nǹkan sílé.

Ọlọ́runnísọ̀lá mú ẹyọ kan níbẹ̀. Ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó fi eyín ẹ̀yìn fọ́ ọ kẹ́, ó jẹ ẹ́ tán.

"Ó dùn," ó wí. "Má wulẹ̀ dọ̀bálẹ̀ mọ́. Èyí tí o ṣe lójú títì ti tó fún èmi àti ìran mi."

Ó sì dá orin sílẹ̀, Àsíátù gbè é, ohùn búburú Káyọ̀dé náà gbè é, kò sí ẹni tó ní kó dákẹ́:

Àna mi ti dé láìgbé ìbọn,
Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn.
Mo tú àpò rẹ̀, mo bá èkùrọ́,
Ẹ bá mi ṣílẹ̀kùn.